Pọ́n, Rúsú, Gbẹ, Wọ́: Ìperí fún Àyẹ̀wò Àìsàn Ewé Páìnì ní Ẹ̀sítéètì Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

0. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ ìperí sáyẹ́ǹsì, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdárayá lásán. Ẹni tí ó bá sọ àmì àìsàn kan lórúkọ kí ó tó wò ó dáadáa yóò ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Ìtọ́jú tí a bá sì gbé ka orí orúkọ bẹ́ẹ̀ lè pa ohun náà gan-an tí à ń tọ́jú.

Ohun tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ilé ojúlùmọ̀ wa kan ní Ẹ̀sítéètì Ìjàpọ̀. Igi méjì ni ó wà lẹ́nu géètì rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Páìnì ni gbogbo ará ilé ń pe àwọn méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, onílé ṣe àkíyèsí pé àwọ̀ ewé igi apá ọ̀tún ń yí padà. Ó wá ń sọ fún ẹni gbogbo tí ó bá bá pàdé pé:

(1) Ewé igi mi ń pọ́n.

Ènìyàn mẹ́ta ni ó gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, ìtumọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fún un. Ẹnì kìíní ní bí ewé bá pọ́n, ó ti gbó nìyẹn, kí onílé fi í sílẹ̀. Ẹnì kejì ní ebi ni ó ń pa igi náà, kí wọ́n fún un ní ajílẹ̀. Ẹnì kẹta ní kòkòrò ni, kí wọ́n fín oògùn sí i. Ìmọ̀ràn ẹnì kejì ni onílé tẹ̀ lé. Ó da ajílẹ̀ òyìnbó sí ìdí igi náà nínú ilẹ̀ gbígbẹ, láàárín oṣù Ọ̀pẹ̀. Kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí, ewé tí ó ń pọ́n ti di pupa rúsúrúsú láti orí dé ìdí, ènìyàn sì lè gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ wo ojú ọ̀run.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó fẹ́ ibi fún onílé. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, *pọ́n*, ni ó ru ẹrù tí ó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti fi ya àmì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohun tí ó kù ni kí a fi ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan múlẹ̀ sójú kan, kí a sì máa lò ó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

1. Igi wo ni à ń pè ní páìnì?

Kí a tó bi ara wa pé kí ni ó ń ṣe igi, ó yẹ kí a mọ irú igi tí ó jẹ́. Láti ìgbà tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òndó ní 1976 ni ilé tuntun ti ń pọ̀ sí i nínú ìlú náà, tí àwọn onílé sì ń gbin igi ẹ̀ṣọ́ síwájú ilé. Orúkọ tí àwọn tí ń ta irúgbìn bá pe igi ni olùrà náà ń pè é. Báyìí ni orúkọ náà, *páìnì*, ṣe bọ́ sórí igi tí kò bá ara wọn tan.

Páìnì gidi tí a sábà máa ń rí ní ilẹ̀ wa ni *Pinus caribaea*. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Kàríbíà, bíi Kúbà àti Bàhámà, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn, ó rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, mẹ́ta-mẹ́ta ni ó sì sábà máa ń wà nínú ìdì kan. Igi kejì tí wọ́n ń pè ní páìnì ni *Casuarina equisetifolia*. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ohùn bíi ti ẹni tí ó ń súfèé ni ènìyàn yóò máa gbọ́. Ohun tí ojú rí bí ewé lára igi yìí kì í ṣe ewé. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí ó ní oríkèé-oríkèé ni. Ewé rẹ̀ gan-an kò ju eyín kéékèèké lọ, ó sì yí oríkèé kọ̀ọ̀kan po ní mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú. *Casuarina* ní kòkòrò àìfojúrí kan nínú gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ń bá a mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Páìnì kò ní irú rẹ̀. Olú ni alábàárìn ti páìnì, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú. Nítorí náà, ohun tí ó gbe ọ̀kan lè má gbe èkejì. A dábàá pé kí a fi *páìnì* sílẹ̀ fún *Pinus* nìkan, kí a sì máa pe *Casuarina* ní *igi asúfèé*. Orúkọ yìí bá ìṣe Yorùbá mu, nítorí pé ìwà tàbí ìrísí ohun àjèjì ni a sábà fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe gba orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ilé ojúlùmọ̀ wa, igi apá òsì tí kò ṣe nǹkan kan jẹ́ asúfèé. Apá ọ̀tún nìkan ni páìnì wà. Onílé ti ń sọ pé bí ó bá jẹ́ àìsí omi ni, kí ló dé tí ìkejì rẹ̀ kò fi ṣàìsàn? Ìbéèrè náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́ ní kété tí a ti rí i pé igi náà kì í ṣe ìkejì rẹ̀.

2. Orúkọ fún ẹ̀yà ara páìnì

Ewé páìnì ni a ó pè ní *ewé-abẹ́rẹ́*. Àwọn ewé-abẹ́rẹ́ tí ó jùmọ̀ hù lójú kan ni *ìdì-abẹ́rẹ́*. Awọ fẹ́lẹ́ tí ó di ìdí wọn pọ̀ ni *àkọ̀*, ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò fún ilé idà. Èso rẹ̀ ni *èso-onípẹ̀ẹ́*, nítorí pé ara rẹ̀ tò léra bí ìpẹ́ ẹja. Omi tí ó ń ki tí ó sì ń lẹ̀, tí ó máa ń sun níbi tí a bá ti ṣá igi náà, ni *oje*. Àpapọ̀ ẹ̀ka àti ewé tí ó wà lókè ni *orí igi*.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó gba àròjinlẹ̀. Olú kan wà tí ó ń gbé ara gbòǹgbò páìnì. Ó ń bá igi náà wá omi àti oúnjẹ nínú ilẹ̀, igi náà sì ń fún un ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ sè. A pè é ní *olú alábàágbé*. A kò gba *olú-gbòǹgbò*, nítorí pé olú mìíràn wà tí ó ń ba gbòǹgbò jẹ́, orúkọ yẹn kò sì ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá.

Ìtàn páìnì ní Nàìjíríà fi hàn pé ọ̀rẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ kékeré. Nígbà tí àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ sí í dán páìnì wò ní ilẹ̀ wa nítorí àtiṣe bébà, irúgbìn tí kò bá rí olú yìí kì í dàgbà. Á ràn, á pọ́n, á sì kú. Ìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ láti abẹ́ páìnì tí ó ti dàgbà sí ìdí irúgbìn ni ọ̀ràn náà tó yí padà. Ní 1980, Z. O. Momoh àti R. A. Gbadegesin tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí bí ọ̀kan nínú irú olú bẹ́ẹ̀, *Pisolithus tinctorius*, ṣe ṣe sí lára páìnì ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ra páìnì kékeré tí wọ́n hù nínú ilẹ̀ tí kò ní olú yìí lè da ajílẹ̀ sí i títí, kí ó má sì rí èrè kankan.

3. Orúkọ fún àmì àìsàn

A gbé iṣẹ́ yìí ka orí ìlànà mẹ́ta.

Ìlànà kìíní: ìperí àmì kò gbọdọ̀ dárúkọ ìdí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé *ewé ti jóná* nígbà tí iná kò dé ibẹ̀ rárá. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò burú. Nínú àyẹ̀wò, ó burú, nítorí pé ẹni tí ó bá ti sọ pé ewé jóná ti dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́. Nítorí náà, a ó fi *jóná* sílẹ̀ fún ewé tí iná tàbí ooru rẹ̀ bá kàn.

Ìlànà kejì: àmì kan, ọ̀rọ̀ kan. *Pọ́n* ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù. À ń lò ó fún èso tí ó tó jẹ, fún ojú tí ó pupa, àti fún ewé tí àwọ̀ ewéko ti ń kúrò lára rẹ̀. Nínú àyẹ̀wò igi, a ó fi mọ sí ìtumọ̀ kan: kí àwọ̀ ewé dà bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n, nígbà tí ewé náà ṣì tutù. Bí ewé bá ti kú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì di pupa rúsúrúsú, kò pọ́n mọ́. Fún èyí, a dábàá ọ̀rọ̀-ìṣe *rúsú*. Ọ̀nà tí a gbà rí i ni pé *fẹ́lẹ́* àti *fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́* jọ wà nínú èdè wa. Bí a bá yọ àpètúnpè kúrò lára *rúsúrúsú* ní ọ̀nà kan náà, *rúsú* ni yóò kù. Ẹ wo (2) àti (3):

(2) Ewé-abẹ́rẹ́ náà pọ́n. Ó ṣì tutù, ìrètí wà.

(3) Ewé-abẹ́rẹ́ náà rúsú. Ó ti kú. Kò ní í padà di tútù.

Ìlànà kẹta: ọ̀nà kan ni kí a máa gbà sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. A lè fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *ì-* ṣe é, a sì lè ṣe àpètúnpè ẹlẹ́bẹ. Bí a bá lo *ì-* fún *gbẹ*, a ó ní *ìgbẹ*, èyí tí àmì ohùn kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ gbọ́ nínú kíláàsì. Àpètúnpè kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. *Pípọ́n, rírúsú, rírọ, gbígbẹ* àti *wíwọ́wé* ni a ó máa lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: kí orí igi máa ṣí sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba àárín ewé kọjá. *Fẹ́lẹ́* kò bá a mu, nítorí pé ohun pẹlẹbẹ bí aṣọ àti awọ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. *Tín-ín-rín* kò bá a mu, nítorí pé ó ti jẹ́ ìrísí ewé-abẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ *pípá*, nítorí pé orí tí kò ní irun ni apárí, ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tán ni orí tó ń pá. *Fífọ́nká ewé* ni a yàn.

4. Láti àmì dé ìdí

Bí ìperí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìbéèrè márùn-ún ni ó tó láti mú wa dé ẹ̀bá ìdí àìsàn náà.

(i) Igi wo ni? A ti dáhùn èyí ní ìpín kìíní.

(ii) Ewé wo ni ó yí padà, ti àtijọ́ ni tàbí tuntun? Ewé páìnì kì í wà lórí igi títí ayé. Bí ewé tí ó wà nínú lọ́hùn-ún, nítòsí ìtì igi, bá pọ́n, tí ó rúsú, tí ó sì wọ́, nígbà tí ti ṣóńṣó ẹ̀ka ṣì tutù yọ̀yọ̀, gbígbó lásán ni. Ẹni tí ó ní kí onílé fi igi rẹ̀ sílẹ̀ ìbá jàre bí ó bá jẹ́ èyí ni ó rí. Bí ewé àtijọ́ bá pọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ tí igi náà sì ràn, ó lè jẹ́ àìtó náítírójìn, nítorí igi a máa gba náítírójìn lára ewé àtijọ́ fún ewé tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ewé tuntun ni ó kọ́kọ́ pọ́n, ọ̀ràn irin ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Irin kì í ṣí kúrò lára ewé àtijọ́ lọ sí ara tuntun. Ọ̀rọ̀ kan náà, *pọ́n*, ni a lò fún méjèèjì. Ibi tí ó ti pọ́n ni ó ya ìdí wọn sọ́tọ̀.

(iii) Apá ibo lára igi? Bí apá kan ṣoṣo bá rúsú, kí a wo ohun tí ó wà ní apá náà: ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí, ògiri tí ooru ń ti ara rẹ̀ padà, tàbí oògùn apako tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Bí ó bá jẹ́ ṣóńṣó ewé-abẹ́rẹ́ ni ó rúsú káàkiri orí igi, kí a ronú nípa omi. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi lára ewé ju bí gbòǹgbò ti lè pèsè rẹ̀ lọ. Iyọ̀ inú ajílẹ̀ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pọ̀ nínú ilẹ̀ gbígbẹ, gbòǹgbò kò ní í lè fa omi mọ́.

(iv) Kí ni ó wà lára ewé àti ìtì? Kí a já ewé-abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, kí a tẹ́ wọn sórí bébà funfun, kí a sì wò wọ́n. Bí rírúsú bá wà ní àmì tóótòòtó tàbí bí òrùka yí ewé ká, tí àmì dúdú wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀, olú tí ń pa ewé ni a ó fura sí. Ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, irú olú bẹ́ẹ̀, *Dothistroma*, ba *Pinus radiata* jẹ́ débi pé wọ́n dá gbígbìn rẹ̀ dúró ní Kẹ́ńyà ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n orí òkè tí ó tutù tí ó sì ní ọ̀rinrin ni olú yẹn ti gbilẹ̀. Kò yẹ kí ènìyàn rí ewé tí ó rúsú ní Àkúrẹ́ kí ó sì figbe ta pé àìsàn Kẹ́ńyà ti dé. Lára ìtì, kí a wá ihò kòkòrò, oje tí ń sun, àti ọ̀nà erùpẹ̀ tí ikán ń là.

(v) Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a sábà ń gbàgbé, òun ni ó sì wúlò jù nínú ẹ̀sítéètì. Ewé páìnì lè tutù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní fún oṣù púpọ̀, lẹ́yìn tí gbòǹgbò ti bàjẹ́. Nítorí náà, kí a má bi onílé pé kí ni ó ṣe lánàá. Kí a bi í pé kí ni ó ṣe láti ọdún tó kọjá. Ǹjẹ́ wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀rọ omi? Ǹjẹ́ wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí ìdí igi? Ǹjẹ́ wọ́n fi kọnkéré bo ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ àti omi kò fi ráyè wọlé?

5. Ìdáhùn tí igi Ìjàpọ̀ fún wa

A bi onílé ní ìbéèrè karùn-ún. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá a tọ́jú ọgbà ni ó rán an létí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ibí yìí ni àwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ǹtì nígbà tí ẹ ń mọ fẹ́ǹsì?” Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. A fi ọkọ́ kékeré họ ilẹ̀ ìdí igi apá ọ̀tún, a sì bá ìpele sìmẹ́ǹtì tí ó ti dì lábẹ́ koríko.

Ilẹ̀ tí ó ní ásíìdì díẹ̀ ni páìnì fẹ́. Sìmẹ́ǹtì a máa pa ásíìdì ilẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, irin wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dì mọ́ ibi tí gbòǹgbò kò lè gbà á. Onílé sì jẹ́rìí pé ewé ṣóńṣó ẹ̀ka ni ó kọ́kọ́ pọ́n. Èyí bá ìtàn ilẹ̀ náà mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ilẹ̀ ní yàrá ìwádìí ni ó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá. Ebi ń pa igi náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ohun tí wọ́n fún un. Ajílẹ̀ tí wọ́n dà sí i nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó sọ pípọ́n di rírúsú.

Wọ́n kó sìmẹ́ǹtì náà kúrò, wọ́n bomi rin ilẹ̀ dáadáa kí iyọ̀ ajílẹ̀ lè ṣàn lọ, wọ́n sì fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ láìjẹ́ kí ó kan ìtì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ka òkè díẹ̀ tí ẹnu wọn ṣì wà láàyè yọ ewé tuntun. Àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tí ewé ti tán lára wọn kò sọjí, nítorí pé ẹ̀ka páìnì tí ó ti wọ́wé tán kì í sábà hu òmíràn. Igi náà kò kú, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ ti dín kù. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí onílé sọ ní ọjọ́ kìíní ni pé *ewé tuntun ni ó ń pọ́n, ewé àtijọ́ ṣì tutù*, ó ṣeé ṣe kí gbogbo èyí má ṣẹlẹ̀.

6. Àtòjọ ìperí

*páìnì*: igi *Pinus* nìkan.
*igi asúfèé*: igi *Casuarina*.
*ewé-abẹ́rẹ́*: ewé páìnì kọ̀ọ̀kan.
*ìdì-abẹ́rẹ́*: àwọn ewé-abẹ́rẹ́ tí ó jùmọ̀ hù láti inú àkọ̀ kan.
*àkọ̀*: awọ tí ó di ìdí ewé-abẹ́rẹ́ pọ̀.
*olú alábàágbé*: olú tí ó ń gbé ara gbòǹgbò tí ó sì ń ṣe igi lóore.
*pípọ́n*: kí ewé tútù pàdánù àwọ̀ ewéko rẹ̀.
*rírúsú*: kí ewé kú, kí ó sì di pupa rúsúrúsú.
*rírọ*: kí ewé tàbí ọ̀mùnú tẹ̀ wálẹ̀ nítorí àìsí omi.
*gbígbẹ*: kí omi tán pátápátá lára ewé tàbí ẹ̀ka.
*wíwọ́wé*: kí ewé já bọ́ fúnra rẹ̀.
*fífọ́nká ewé*: kí ewé dín kù lórí igi débi tí ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá.
*jíjóná*: kí iná tàbí ooru rẹ̀ pa ewé; a kò gbọdọ̀ lò ó fún ohun mìíràn.

7. Ìgúnlẹ̀

Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Àkànṣe Ọlọ́dún Mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ni a ti mọ̀ pé ọmọdé lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí ó jáde ní 1984 àti 1990 sì fi ọ̀nà hàn wá nípa ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí ń ṣẹ̀dá ìperí kì í ṣe kí a máa wá ọ̀rọ̀ tuntun nìkan. Ó yẹ kí a tún máa wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àgbẹ̀ àti olùtọ́jú ọgbà, kí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè mú ìbéèrè márùn-ún tí ó wà ní ìpín kẹrin lọ sábẹ́ igi èyíkéyìí nínú ọgbà ilé-ìwé wọn, kí wọ́n sì wò ó bóyá àwọn ìperí wọ̀nyí tó. Èyí tí kò bá tó, kí wọ́n jẹ́ kí a gbọ́. Ẹnu àwọn tí ń lo ọ̀rọ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ó dúró.